Ẹ̀rín Kì Í Ba Ìsìn Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí a lọ ní àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí a bọ̀wọ̀ fún dìde, ó sì dábàá pé kí a kó àwọn ìwé kan kúrò ní ilé-ìkàwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Èkíní nínú wọn ni àwọn ìtàn Rumpole tí John Mortimer ará England kọ. Èkejì ni eré Wọlé Ṣóyínká tí a ń pè ní The Trials of Brother Jero. Ẹ̀sùn tí ó fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń fi àwọn olùfọkànsìn ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ń gbàdúrà ti rẹ́rìn-ín sí Ẹni tí a ń gbàdúrà sí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwa náà wà níbẹ̀, a kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a délé ni ọkàn wa ń dá wa lẹ́bi. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà ni a ṣe mú kálámù, kí a lè sọ níhìn-ín ohun tí ó yẹ kí a ti sọ lọ́jọ́ náà.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ìwé náà jẹ́, nítorí pé àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ jù lọ́jọ́ náà ni àwọn tí kò tíì ṣí ọ̀kan wò nínú wọn. A bi mẹ́ta nínú wọn léèrè lẹ́yìn ìpàdé, kò sì sí ẹni tí ó ti kà á.

Agbẹjọ́rò ni John Mortimer. A bí i ní ọdún 1923, ó di agbẹjọ́rò ní ọdún 1948, ó sì kú ní ọdún 2009. Baba rẹ̀, tí ó fọ́jú, jẹ́ agbẹjọ́rò ṣáájú rẹ̀. Nínú ìrírí rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ ni ó ti dá Horace Rumpole sílẹ̀, agbẹjọ́rò arúgbó kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, tí eérú sìgá kékeré sì wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀ nígbà gbogbo, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbèjà àwọn tí a fi ẹ̀sùn kàn ní Old Bailey, ilé-ẹjọ́ àwọn ọ̀daràn ní ìlú London. Ní ọdún 1975 ni a kọ́kọ́ rí i lórí amóhùnmáwòrán. Láti ọdún 1978 títí di ọdún 1992 ni òṣèré tí ń jẹ́ Leo McKern sì fi ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, tí Mortimer sì ń sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan di ìwé. Nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan, ọ̀ràn kan ń bẹ tí ó díjú: a mú ẹnìkan, gbogbo ènìyàn sì ti gbà pé òun ni ó ṣe é. Rumpole nìkan ni yóò máa béèrè ìbéèrè kékeré tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, títí ohun tí ó pamọ́ yóò fi hàn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ta ni à ń rẹ́rìn-ín sí? Níhìn-ín ni ọ̀ràn wà. À ń rẹ́rìn-ín sí àwọn adájọ́ tí ó ti dá ẹjọ́ nínú ọkàn wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ. À ń rẹ́rìn-ín sí Rumpole fúnra rẹ̀, tí kò bẹ̀rù adájọ́ kankan ṣùgbọ́n tí ó ń bẹ̀rù aya rẹ̀. À ń rẹ́rìn-ín jù lọ sí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samuel Ballard, ẹni tí a fi ṣe olórí ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tí Rumpole wà. Ballard jẹ́ olùfọkànsìn ènìyàn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò onígbàgbọ́. Ìwà àwọn ẹlòmíràn a máa dùn ún lọ́kàn púpọ̀. Ó ń ṣàníyàn nípa sìgá Rumpole, ó ń ṣàníyàn nípa aṣọ rẹ̀, ó ń ṣàníyàn nípa ọtí wáìnì tí ó ń mu ní ìrọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí a kì í rí kí ó ṣàníyàn lé lórí ni ẹni tí ó wà nínú àhámọ́, tí kò mọ̀ bóyá òun yóò sùn sí ilé òun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, kí ni àwa rí nínú Ballard yìí? Ṣé ìsìn Kristi ni a rí, tí a fi ṣe ẹlẹ́yà? Rárá o. Aṣọ ìsìn ni a rí, tí ẹnìkan wọ̀ tí kò bá a mu. Bí a bá rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tí ó gbé agbádá baba rẹ̀ wọ̀, agbádá kọ́ ni à ń rẹ́rìn-ín sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe baba tí ó ni ín.

Bí ẹnìkan bá wí pé àwa ń fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ àlàyé dídùn, kí ó gbé ìtàn Rumpole and the Man of God, tí ó jáde ní ọdún 1979, kí ó kà á. Àlùfáà ni a fi ẹ̀sùn kàn níbẹ̀. Wọ́n ní ó jí ẹ̀wù ní ilé ìtajà ńlá kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìsìn ìbá ti lo àyè yìí láti bọ́ aṣọ lára gbogbo àlùfáà ayé. Mortimer kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlùfáà náà mọ ohun kan tí kò fẹ́ sọ, nítorí pé ó ń dáàbò bo arábìnrin rẹ̀. Kò sì lè gòkè lọ sí àpótí ẹlẹ́rìí láti búra, nítorí pé bí ó bá búra, kò lè purọ́. Irọ́ kan ṣoṣo ni ìbá gbà á là, kò sì pa á. A kì yóò sọ òpin ìtàn náà fún ẹni tí kò tíì kà á, ṣùgbọ́n a bi yín léèrè: nínú gbogbo ìwàásù tí a ti wà lórí òfin tí ó ní kí a má ṣe pe orúkọ Olúwa lásán, mélòó ni ó fi ọ̀wọ̀ tí ó tó báyìí fún ìbúra? Ẹ wo bí àwọn ènìyàn wa ti ń fi ọwọ́ lé Bíbélì tàbí Kùránì ní ilé-ẹjọ́ lónìí, tí wọ́n sì ń purọ́ bí ẹni tí ń mu omi tútù. Àlùfáà tí a fi ṣe àwàdà ní England bọ̀wọ̀ fún ìbúra ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kì í ṣe àwàdà lọ.

Ìtàn kejì tí a fẹ́ mẹ́nu bà ni Rumpole and the Children of the Devil, ti ọdún 1992. Níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n sì gba ọmọbìnrin kékeré kan kúrò lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé a ń fi í bọ Èṣù burúkú. Kì í ṣe láti inú òfìfo ni òǹkọ̀wé ti fa ìtàn yìí yọ. Ní ìlú Rochdale ní ọdún 1990, àti ní erékùṣù Orkney ní Scotland ní ọdún 1991, a kó àwọn ọmọ kúrò ní ilé wọn lóòótọ́ lórí irú ẹ̀sùn báyìí. Àwọn mẹ́sàn-án ni ti Orkney. Nígbà tí adájọ́ yẹ ọ̀ràn ti Orkney wò, ó ní kí a dá àwọn ọmọ náà padà. Ẹjọ́ Rochdale pẹ̀lú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ilé-ẹjọ́. Àwọn tí ó ṣe é kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ìtara ni ó gbé wọn wọ̀. Wọ́n dá ara wọn lójú débi pé wọn kò rí ìdí tí wọn yóò fi béèrè ìbéèrè mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Orkney, kí a padà sílé. Ǹjẹ́ kò sí ìlú Yorùbá níbi tí wòlíì ti nàka sí ọmọdé tí ó ní òun rí i pé àjẹ́ ni? Ǹjẹ́ kò sí ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ sá fún nítorí ìran tí ẹnìkan rí ní òru ìṣọ́? Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ó ti wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ wa láti ọdún 1916 sọ ní abala 210 pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ọmọnìkejì rẹ̀ yẹ fún ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Mélòó nínú àwọn wòlíì bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti rí ní ẹ̀wọ̀n? A kò rí wọn níbẹ̀, nítorí pé a ti kọ́ àwọn ènìyàn wa pé ẹni tí ó bá bi ẹni mímọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́run. Ìwé tí ó bá kọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ láti béèrè pé, “Ta ni ó rí i? Níbo ni ó dúró? Iná wà níbẹ̀ bí?” ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá Ìjọ. Ọ̀rẹ́ àwọn tí kò ní olùgbèjà ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn alátakò wa lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní ẹni tí ó kọ ìwé náà kò gba Ọlọ́run gbọ́. Òótọ́ ni, a kò sì ní fi í pamọ́. Wọ́n tún lè fi kún un pé, ní ọdún 1977, ó wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí ó gbèjà ìwé ìròyìn kan ní Old Bailey, nígbà tí a pè é lẹ́jọ́ pé ó sọ ọ̀rọ̀-òdì sí Ọlọ́run nínú ewì kan tí ó tẹ̀ jáde nípa ikú Olúwa wa. Ewì náà kì í ṣe ohun tí àwa yóò jẹ́ kí a kà sókè nínú ilé wa. Ìgbìmọ̀ àwọn ènìyàn 12 tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ìwé ìròyìn náà àti olóòtú rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2008, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ náà pa òfin ọ̀rọ̀-òdì rẹ́ ní England àti Wales. Láti ìgbà náà wá, ǹjẹ́ ìtẹ́ Ọlọ́run ha mì bí? Ọlọ́run tí ó ń fẹ́ ọlọ́pàá kí ó tó lè jẹ́ Ọlọ́run kì í ṣe Ẹni tí àwọn baba wa ń pè ní Olódùmarè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ẹni tí àwa ń wàásù rẹ̀. Ní ti pé aláìgbàgbọ́ ni òǹkọ̀wé, a rán àwọn ẹlẹgbẹ́ wa létí pé nígbà tí wòlíì Balaamu kò rí áńgẹ́lì tí ó dúró lójú ọ̀nà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ni ó rí i. Wòlíì náà nà án nítorí pé ó dúró. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó jàre.

Wọ́n ní Ìwé Mímọ́ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀ lórí ọ̀ràn ìsìn. Ó yà wá lẹ́nu pé àlùfáà ni ó sọ èyí. Kí ni Elijah ń ṣe ní òkè Karmeli, nígbà tí ó ń sọ fún àwọn wòlíì Baali pé bóyá òrìṣà wọn ti rin ìrìn-àjò, bóyá ó sùn, kí wọ́n kígbe sókè sí i? Kí ni Isaiah ń ṣe nígbà tí ó sọ ìtàn ọkùnrin tí ó fi ààbọ̀ igi dáná, tí ó sì wólẹ̀ fún ààbọ̀ kejì? Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó sọ ti àwọn tí ń fun fèrè kí wọ́n tó fi owó fún tálákà, Òun náà ni ó sì sọ ti Farisí tí ń dúpẹ́ pé òun kò dà bí agbowó-òde. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín sí Farisí náà kò tíì gbọ́ òwe náà dáadáa.

Ó kù síbẹ̀. Nínú àwọn ìwé tí a ń pè ní Àpókírífà, ìtàn Susanna wà níbẹ̀. Àwọn àgbààgbà méjì, tí wọ́n jẹ́ adájọ́ fún àwọn ènìyàn Ọlọ́run, fi ẹ̀sùn panṣágà kan obìnrin rere kan, nítorí pé ó kọ̀ fún wọn. Gbogbo ìjọ gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ti gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀. A ń mú un lọ sí ibi ikú nígbà tí Daniẹli, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, kígbe. Ó ní kí a ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó bi èkíní pé, abẹ́ igi wo ni ó ti rí wọn? Ó dárúkọ igi kan. Ó bi èkejì ní ìbéèrè kan náà. Ó dárúkọ igi mìíràn. Ẹjọ́ parí. Ẹ̀yin ará, kí ni èyí, bí kì í bá ṣe ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ilé-ẹjọ́, níbi tí a ti tú àṣírí àwọn tí ń fi ìsìn bojú? Kókó Ìgbàgbọ́ kẹfà nínú 39 ti Ìjọ England dárúkọ ìtàn Susanna láàrín àwọn tí Ìjọ ń kà fún àpẹẹrẹ ìwà àti ẹ̀kọ́. Bí a bá ń kó ìwé Rumpole kúrò lórí pẹpẹ, kí a rántí mú Susanna náà lọ.

Wọ́n tún ní àṣà òkèèrè ni, pé Yorùbá kì í fi ohun ọ̀wọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn wá jù, nítorí pé nínú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún àṣà wa, ó yẹ kí a mọ àṣà náà. Kí ni orúkọ òru tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní gbogbo ìhà ibẹ̀? Ẹ̀fẹ̀ ni a ń pè é. Ní òru náà, ẹni tí ó gbé ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin tú àṣírí olówó, a máa bá ìjòyè wí, a máa sọ ohun tí a kò lè sọ ní ọ̀sán, kò sì sí ẹni tí yóò mú un, nítorí pé nínú ìsìn àwọn ìyá ni ó ti ń sọ ọ́. Ìsìn ni, ẹ̀fẹ̀ sì ni; àwọn baba wa kò rí ìjà láàrín àwọn méjèèjì. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun ìṣúra gbogbo ayé. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, àwọn eégún aláré ṣeré fún un níwájú Aláàfin, wọ́n sì fi òyìnbó náà fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú ara rẹ̀. Eégún, ẹ̀yin ará, ará ọ̀run, ni ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó kọ́ wa pé ìsìn gbọ́dọ̀ fa ojú ro nígbà gbogbo kọ́ ni Yorùbá. Ìyẹn gan-an ni àṣà òkèèrè.

Wọlé Ṣóyínká pàápàá, ta ni ó tọ́ ọ dàgbà? Ọmọ ọgbà Ìjọ ní Aké, Abẹ́òkúta, ni. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó kọ eré Jero, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, kì í ṣe àlejò ni ó dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń sọ òkò wọlé. Ọmọ ilé ni, ó ń fi ọ̀wọ̀ gbá ilé. Wòlíì etí òkun tí ó ń pe àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní oníbàárà nínú ọkàn rẹ̀, tí ó ń sá fún obìnrin tí ó jẹ ní gbèsè, tí ó sì ń ṣèlérí ipò mínísítà fún aṣòfin: ẹni tí ó bá sọ pé kò tíì rí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí, kí ó jáde sí ìta. Láti ọdún 1960 títí di òní, Jero kò dínkù. Ó ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín.

Ó kù kí a sọ ohun tí ó mú wa fi gbogbo ara bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, owó kan sọnù. Owó ọrẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá jọ fún àwọn aláìsàn ni. Ẹnìkan nínú àwọn tí ń gbààwẹ̀ wá sọ fún wa pé òun rí ìran, pé ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan báyìí ni òun rí nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ ọmọ tálákà, kì í sì í wá sí ìpàdé àdúrà. A pe ìgbìmọ̀ jọ. Àwa ni a jókòó sí ipò alága. A kọ orin, a gbàdúrà pẹ́, a ka Bíbélì. Gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà a bi ọmọ náà pé kí ni ó ní í sọ. Ó ní òun kò mú un. A ní kí ó fi ẹ̀rí hàn pé òun kò mú un. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀rí hàn pé òun kò ṣe ohun tí òun kò ṣe? Ó dákẹ́, ó sì ń wo ilẹ̀. A ka dídákẹ́ rẹ̀ sí ìjẹ́wọ́. A ní kí ó lọ sílé fún sáà kan.

Ní sáà kejì, nígbà tí a ń tún àpótí tábìlì akápò ṣe, a rí owó náà. Ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn àpótí náà, kò dín kọ́bọ̀. Nínú gbogbo àdúrà wa lọ́jọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni, àní kò sí ẹnikẹ́ni, tí ó béèrè pé, “Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ti wá inú àpótí náà wò bí?” Ọmọ náà padà wá, a tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ó dárí jì wá. Sáà tí ó sọnù kò padà.

Lẹ́yìn èyí ni a ka àwọn ìwé Rumpole. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, nígbà tí ó sì ṣe, a rí i pé omi náà kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. A rí Ballard, tí ó fi gbogbo ara jẹ́ olùfọkànsìn, tí kò sì rí ènìyàn tí ó wà níwájú rẹ̀. A sì mọ ẹni tí ó jẹ́. Ní ọdún 1935 ni àwọn adájọ́ gíga jù lọ ní England sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ẹjọ́ Woolmington pé ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kan ènìyàn ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fi í wé okùn wúrà, Rumpole kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ okùn wúrà náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Abala 36 ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ bákan náà. Kí òyìnbó tó sọ ọ́ ni àwọn àgbà wa ti wí pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa mọ òwe náà láti kékeré, a sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Aláwàdà aláìgbàgbọ́ kan ni ó mú kí a gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ó tẹ́ wa lọ́rùn. Bí Rumpole ti ń sọ̀rọ̀ nípa aya rẹ̀ kò yẹ ọmọlúwàbí, a sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọtí tí ó ń mu pọ̀ jù. Bákan náà, a mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ní ààlà. Ẹni tí ó fi aláìlera ṣe ẹ̀fẹ̀, tàbí tí ó fi ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, tàbí tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ìsìn ẹlòmíràn kí ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ láàrín Mùsùlùmí àti Kristẹni, kì í ṣe aláwàdà, oníjàgídíjàgan ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó dojú kọ alágbára, tí ó sì ń gbèjà ẹni tí ó wà nínú àhámọ́, ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìwàásù.

Kí ni a wá ń béèrè? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, kí a fi àwọn ìwé náà sílẹ̀ ní ipò wọn. Olùkọ́ tí a bá pa ìwé mọ́ fún yóò kọ́ láti pa ìwé mọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, a ó sì fi ọgọ́rùn-ún ọdún kórè ohun tí a gbìn ní ọjọ́ kan.

Èkejì, kí a má ṣe dúró lórí ti òyìnbó nìkan. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971. Kọ́lá Akínlàdé fún wa ní Owó Ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1976. Àwọn wọ̀nyí fi hàn pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé ara Yorùbá dáadáa. Níbo ni agbẹjọ́rò Yorùbá wà, tí yóò kọ ti ilé-ẹjọ́ wa, pẹ̀lú àwọn adájọ́ wa, àwọn wòlíì wa, àwọn alágbàdúrà wa, àti ẹ̀rín tiwa? Ẹgbẹ́ yìí lè fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ ọ́. A rọ àwọn Olóyè kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin ni à ń bá wí ní pàtàkì. Nínú ààfin yín àti ní agbo ilé yín ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ kí ó tó dé ilé-ẹjọ́ ìjọba. Nígbà tí ẹnìkan bá wá pẹ̀lú ìran, tàbí pẹ̀lú ìfihàn, tàbí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wòlíì, pé ọmọ yìí ni olè, pé ìyá yìí ni àjẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àdúrà rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé abẹ́ igi wo ni. Kí ẹ wá inú àpótí wò.

Ní ti ọkùnrin rere tí ó dábàá ní ìpàdé náà, a kò bínú sí i. Ìfẹ́ Ìjọ ni ó mú un sọ̀rọ̀. A ti fi ẹ̀dà kan nínú àwọn ìwé Rumpole ránṣẹ́ sí i, a sì fi àmì sí ojú ewé tí ìtàn àlùfáà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kà á dé òpin tí kò rẹ́rìn-ín, tí ojú kò sì tì í díẹ̀ bí ó ti ti àwa, kí ó dìde ní ìpàdé tí ń bọ̀ kí ó tún àbá rẹ̀ dá. Àwa yóò wà níbẹ̀, a kì yóò sì dákẹ́ nígbà náà.